Ẹ Béèrè Nípa Ilé Kí Ẹ Tó Mú Ọ̀bẹ: Ohun Tí Mo Kọ́ Lára Ọmọ Ológbò

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran ní Yunifásítì Ìlọrin, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, mo kí yín o. Mo mọ̀ pé màlúù, àgùntàn àti adìẹ ni ọkàn ọ̀pọ̀ yín wà, torí ibẹ̀ lowó wà. Ṣùgbọ́n ológbò á wá bá yín. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ á gbé e wá nínú páálí, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Tanke á gbé e wá nínú báàgì ìwé rẹ̀. Ẹ má fojú tín-ín-rín wò ó.

Ibi tó dùn mí jù ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún kejì tí mo wọṣẹ́, bàbá kan tó ń hun aṣọ òfì gbé ọmọ ológbò kan wá, abo, tí kò ju ọ̀sẹ̀ 10 lọ. Ojú rẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ dán, ó ń ṣeré. Mo fún un ní oògùn aràn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, mo ní kí wọ́n gbé e padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí bàbá fi padà dé. Wọ́n ní ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí kò jẹun, pé omi tó bá lá pàápàá, ó ń bì í. Mo fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ó ké. Mo la ẹnu rẹ̀, mo fi àtàǹpàkò ti ahọ́n rẹ̀ sókè láti abẹ́ àgbọ̀n, mo sì rí i: òwú pupa kan, tín-ín-rín, tó lọ́ mọ́ ìdí ahọ́n, tó ti ń gé ẹran ibẹ̀ wọlé. Ìyókù òwú náà ti wọ ìfun lọ.

Ẹ̀gún wẹ́wẹ́ ló wà lórí ahọ́n ológbò, gbogbo wọn ló sì kọjú sí ọ̀nà ọ̀fun. Ohun tó bá ti kọ́ wọn, ológbò kì í lè tu ú dànù, ṣe ló máa ń gbé e mì. Tí orí òwú bá wá há sí ìdí ahọ́n, tí ìfun ń fa ìyókù lọ sísàlẹ̀, ìfun á ká jọ bí ẹnu ṣòkòtò tí a fa okùn rẹ̀, òwú á sì máa rẹ́ ẹ bí ayùn. Nígbà tí mo la ikùn rẹ̀, ìfun ti lu níbi mẹ́rin. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a láyé.

Bàbá kò bá mi wí. Wọ́n ní Ọlọ́run ló fún àwọn, òun náà ló gbà á. Èmi ni ara mi kò gbà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá, mo rí fọ́nrán òwú lára búbá wọn, mi ò sì béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé. Ìbéèrè kan péré ló kù níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó fọwọ́ kan ọmọ ológbò, mo máa ń béèrè nípa ilé tó ń lọ.

Ìlọrin wa yìí, ìlú aláṣọ òfì ni, aránṣọ náà sì pọ̀ lágboolé. Ẹ ní kí wọ́n máa kó òwú àti abẹ́rẹ́ sínú agolo tó ní ìdérí. Tí wọ́n bá rí òwú tó yọ lẹ́nu ológbò tàbí ní ìdí rẹ̀, kí wọ́n má fà á o, kí wọ́n gbé e wá kíá.

Ẹ béèrè oògùn eku. Ẹni tó ní torí eku lòun ṣe fẹ́ ológbò, ó ṣeé ṣe kó ti kọ́kọ́ gbìyànjú otapiapia tàbí ọkà tí wọ́n fi oògùn pa láró. Ìdí àpò gàrí ló wà títí di òní. Ológbò lè má fẹnu kan oògùn náà, ṣùgbọ́n eku tó jẹ ẹ́ tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ ni yóò kọ́kọ́ mú. Ẹ ní kí wọ́n gbá gbogbo rẹ̀ kúrò kí ológbò tó wọlé.

Ẹ béèrè oògùn èèyàn náà. Àánú ló máa ń mú kí wọ́n fún un ní parasitámọ́ tí ara rẹ̀ bá gbóná. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní ohun tí ẹ̀dọ̀ wa fi ń sọ oògùn yẹn di aláìléwu. Ìdajì hóró lè pa ọmọ ológbò. Ẹran ìdí eyín rẹ̀ á dúdú bí ilẹ̀, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ á wú, á máa mí gùlegùle. Bákan náà ni oògùn eégbọn ajá tó ní permethrin nínú: ológbò kì í fara dà á.

Kò yẹ kí wọ́n gba ọmọ ológbò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Ara ìyá àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣeré láìbu èèyàn jẹ. Láti ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje ni ọkàn rẹ̀ ṣí jù sí èèyàn; èyí tí wọn ò fọwọ́ kàn nígbà yẹn á máa sá, sùúrù ló sì máa gbà. Lọ́jọ́ tó bá dé ilé tuntun, yàrá kan ti tó o. Kí wọ́n tẹ́ ògbólógbòó ìró sínú páálí, kí wọ́n sì fi aṣọ tí òórùn ìyá rẹ̀ wà lára rẹ̀ sí i tí wọ́n bá rí. Omi rẹ̀, àwo amọ̀ tó fẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, irú èyí tí wọ́n ń mọ ní àdúgbò Dàda ní Ìlọrin: ó wúwo, kò lè dà á nù, omi inú rẹ̀ sì máa ń tutù. Mílíìkì inú agolo kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru ló máa bá a fà.

Ìyàgbẹ́ kì í ṣòro láti kọ́ ọ, torí òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ wa yanrìn bo ohun tó bá yà mọ́lẹ̀. Abọ́ rọ́bà tí ẹnu rẹ̀ kò ga, yanrìn gbígbẹ, igun tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ tó jìnnà sí oúnjẹ rẹ̀. Tó bá jẹun tán tàbí tó jí, kí wọ́n gbé e síbẹ̀. Tó bá ṣe é síbòmíràn, kí wọ́n má nà án, kí wọ́n má sì ti imú rẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ̀rù ẹni tó nà án nìkan ló máa kọ́. Kí wọ́n máa kó o dànù lójoojúmọ́, torí kòkòrò toxoplasma tó lè wà nínú ìgbẹ́ ológbò máa ń lò tó ọjọ́ kan sí márùn-ún kó tó lè ran èèyàn. Aláboyún kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò kó o.

Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé pé kí wọ́n má fi ìka bá a ṣeré. Bó ṣe kéré yìí, ẹ̀rín ló ń pa wọ́n tó bá bù wọ́n jẹ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ ló máa ń jáde, wọ́n á wá ní ológbò náà burú.

Ó wá ku títẹ̀ lọ́dàá, ibi tí wọ́n ti máa bá yín jiyàn jù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Alájàpá kan tó ń ta èlùbọ́ ra ológbò aláwọ̀ mẹ́ta, funfun, dúdú àti pupa rúsúrúsú. Ẹni tó tà á ní akọ ni, alájàpá sì gbà á gbọ́ títí ológbò náà fi bímọ mẹ́rin sórí àpò. Aláwọ̀ mẹ́ta, abo ni lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, torí ara kúrómósómù X ni àwọ̀ pupa àti dúdú yẹn ti ń wá, abo ló sì ní méjì rẹ̀. Fún àwọn yòókù, ẹ gbé ìrù sókè: ti abo, ihò méjèèjì sún mọ́ra, ti akọ, àyè wà láàrin wọn. Tí kórópọ̀n kan ṣoṣo bá sọ̀, ẹ má kàn yọ ọ̀kan yẹn kí ẹ wá dá ológbò padà sílé. Ẹ wá èkejì, ó wà nínú.

Ẹ má dúró de oṣù mẹ́fà. Láti oṣù kẹrin ni abo ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ, àti pé níbi tí a wà yìí, tí gígùn ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, kò sí àkókò tí kò lè wá a. Á máa yí gbirigbiri nílẹ̀, á gbé ìdí sókè, á máa ké lóru bí ọmọ ìkókó. Wọ́n ti sáré gbé irú rẹ̀ wá bá mi láàárọ̀ pé wọ́n fún un ní májèlé jẹ. Nǹkan bí ọjọ́ 63 sí 65 ni oyún rẹ̀ sábà máa ń gbà, ó sì lè lóyún òmíràn nígbà tó ṣì ń fọ́mọ lọ́mú.

Àwọn ọlọ́jà á ní ológbò tí a bá tẹ̀ lọ́dàá kì í pa eku mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọdẹ kò sí nínú kórópọ̀n, kò sì sí nínú ebi. Èyí tó yó á ṣì máa dọdẹ. Èyí tí ebi ń pa ló máa lọ jí ẹja aládùúgbò, tí wọ́n á sọ lókùúta. Ẹlòmíràn á ní kó bímọ lẹ́ẹ̀kan ná. Kò ṣe é láǹfààní kankan. Tí ẹ bá yọ ilé ẹyin àti ilé ọmọ rẹ̀ kó tó wá akọ rí, ewu jẹjẹrẹ ọmú á dín kù gidigidi.

Bàbá aláṣọ òfì yẹn náà ló bi mí ní ti ẹ̀sìn. Ọdún tó tẹ̀ lé ikú ti àkọ́kọ́ ni wọ́n gbé ọmọ ológbò mìíràn wá, wọ́n sì sọ fún mi kí n tó béèrè pé òwú ti wà nínú agolo. Wọ́n fẹ́ràn ẹran yẹn. Wọ́n rántí hádíìsì Abu Qatadah, ọ̀kan lára àwọn sàábé Ànábì, ẹni tó tẹ igbá omi àlùwàlá sílẹ̀ kí ológbò lè mu, tó ní Ànábì sọ pé kì í ṣe ẹlẹ́gbin, pé ó wà lára àwọn tó ń rìn yí wa ká. Wọ́n ní ṣé títẹ̀ lọ́dàá kò lòdì. Ẹ má ṣe àáfáà níbi tí ẹ ti jẹ́ dókítà. Àwọn onímọ̀ kò panu pọ̀ lórí rẹ̀. Mo ṣàlàyé ohun tí iṣẹ́ abẹ náà jẹ́, pé oorun ló máa sùn, kò ní mọ ìrora nígbà tí mo bá ń ṣe é, mo sì ní kí wọ́n lọ bi àáfáà wọn. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n padà wá, wọ́n ní ká ṣe é.

Ẹ gbé e lé ìwọ̀n. Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, mo fojú wo ọmọ ológbò kan lásìkò ọyẹ́, mo fún un ní abẹ́rẹ́ oorun, mo tẹ́ ẹ sórí táìlì. Ìgbà tó di ìrọ̀lẹ́ kò tíì jí, etí rẹ̀ tutù bí omi àmù. Mo bu omi gbígbóná sínú ike omi, mo fi aṣọ wé e, mo to ó yí i ká, mo gbé e mọ́ àyà mi títí ó fi gbé orí sókè lẹ́yìn ìrun ìṣà. Ara ọmọ ológbò kéré, ooru rẹ̀ máa ń tètè sá. Ẹ má tún fi ebi pa á mọ́jú bí ajá ńlá. Wákàtí mẹ́rin ti tó fún èyí tó kéré, ṣúgà ara rẹ̀ kì í pẹ́ tán.

Tó bá ń lọ sílé, ẹ sọ fún wọn pé akọ ṣì lè fún abo lóyún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ní ti abo, kí wọ́n máa wo ojú ọgbẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 10, kí wọ́n má wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má sì jẹ́ kó máa lá a. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò jẹun, kí wọ́n pè yín. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà yín, kí ẹ sì gbé e tó bá dún lóru.