Ta ló ní kí olórin pa ẹnu mọ́?

Houston, Ọjọ́ Àìkú

Ọ̀rọ̀ tí Alàgbà sọ níbi ìkómọ lánàá kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Inú gbọ̀ngàn kan ní Alief, àdúgbò kan ní Houston níbí, la wà, wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ tán, ìrẹsì ti ń yí kiri. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ló ń ṣàròyé pé àwọn akọrin tàkasúfèé ìwòyí kì í sọ nǹkan kan mọ́ bí ọlọ́pàá bá pa aláwọ̀ dúdú. Alàgbà fi ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí olórin máa kọrin. Lọ́yà ló ni ẹjọ́, olórin ló ni ijó. Ta ló pe àwọn yẹn sí i?" Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ẹnu àgbà dùn. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni wọ́n, kì í ṣe ẹni tí mo lè kò lójú níbi ìnáwó, nítorí náà ibí ni màá ti fèsì.

Alàgbà kan náà yìí ló kọ́ gbogbo ọmọkùnrin wọn ní ọkọ̀ wíwà. Mo wà lẹ́yìn ọkọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ́ àbígbẹ̀yìn. Kí wọ́n tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí kọ́nà rárá, ibi tí yóò kó ọwọ́ sí bí iná ọlọ́pàá bá tàn lẹ́yìn ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn án: ọwọ́ méjèèjì lórí sítíárìn, kí ìka yà síra kí wọ́n lè rí i, kí fèrèsé wálẹ̀, kí iná inú ọkọ̀ wà ní títàn bó bá jẹ́ alẹ́. Láísẹ́ǹsì kò gbọdọ̀ sí lápò ẹ̀yìn, torí ẹni tó bá nawọ́ sẹ́yìn, wọ́n lè ní ìbọn ló fẹ́ fà yọ. "Sà" ni kó máa pe ọlọ́pàá náà, ì báà jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n mú ọmọ yẹn ṣe é, wọ́n tún mú un ṣe é, títí ó fi mọ́ ọn lára.

Ohun tí Chamillionaire, olórin tàkasúfèé, fi kọrin ní 2006 gan-an nìyẹn. "Ridin'" ni wọ́n ń pe orin náà. Ọmọ aláwọ̀ dúdú wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, ọlọ́pàá ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ó ń wá ẹ̀sùn tí yóò kà sí i lẹ́sẹ̀. Orin yẹn gba ipò kìíní lórí àtẹ Billboard, ó sì gba Grammy ní 2007. Houston níbí ló dàgbà sí. Hakeem Seriki ni orúkọ rẹ̀, Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀ ti wá, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà wa fi máa ń pè é ní "ọmọ wa" bí ọ̀rọ̀ bá ti kan Grammy. Ọmọ wa ni nígbà tó gba ẹ̀bùn, àfi ìgbà tó ń sọ ohun tójú rẹ̀ rí lọ́wọ́ ọlọ́pàá ló wá di olórin tí kò mọ ààyè ara rẹ̀.

Ní July 2015, ọlọ́pàá dá ọkọ̀ Sandra Bland, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, dúró ní Prairie View, tí kò jìnnà sí wa, wọ́n ní ó yà sí ojú ọ̀nà mìíràn láì fi iná júwe. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n bá òkú rẹ̀ ní àtìmọ́lé Waller County. Lọ́yà wo ló lè la irú ọ̀rọ̀ yẹn yé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ju bí orin Hakeem ṣe là á lọ?

George Floyd ńkọ́? Ọ̀pọ̀ tó ń dárúkọ rẹ̀ ni kò mọ̀ pé olórin lòun náà. Third Ward, àdúgbò kan ní Houston níbí, ló dàgbà sí, Jack Yates ló ti ka girama. Ní àwọn ọdún 1990, ohùn rẹ̀ máa ń jáde nínú kásẹ́ẹ̀tì DJ Screw, ọkùnrin tó máa ń fa orin kí ó máa rìn gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀, tí gbogbo Houston fi ń yangàn dòní. Big Floyd ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọlọ́pàá fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ní Minneapolis, ní 25 May 2020, tó sì kú, kò sẹ́ni tó ní láti bẹ àwọn olórin Houston kí wọ́n dá sí i. Ará ilé wọn ló kú.

Ní 2 June, Bun B àti Trae tha Truth, olórin tàkasúfèé Houston méjì, pẹ̀lú àwọn ẹbí Floyd kó èrò jọ fún ìwọ́de ní ọgbà Discovery Green, ó di City Hall. Sylvester Turner tó jẹ́ olórí ìlú nígbà náà ní a tó 60,000. Mo wà níbẹ̀. Ooru Texas lábẹ́ ìbòmú kòrónà kì í ṣe ohun téèyàn ń ròyìn tán. Àwọn adúláwọ̀ ẹlẹ́ṣin tilẹ̀ gun ẹṣin wọn wá, pátákò ẹṣin ń dún lórí ọ̀dà láàárín ilé aláwòṣífìlà gbogbo. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn iléeṣẹ́ orin ní àwọn dáwọ́ iṣẹ́ dúró, tí gbogbo ayé ń gbé àwòrán dúdú sórí Instagram. Mo yọ fóònù wò nínú èrò: dúdú, dúdú, dúdú. Wọ́n tún fi àmì ìwọ́de, #BlackLivesMatter, sí i, ni àwòrán dúdú bá bo ìròyìn tí àwọn tó wà lójú títì ń wá mọ́lẹ̀.

Ibi tí mo yà sí nìyí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀wọ̀n, ìbọn àti ọlọ́pàá àdúgbò rẹ̀ ló kún orin rẹ̀, tó fi ta á, tó fi kọ́lé, jẹ àdúgbò yẹn ní gbèsè. Ṣùgbọ́n gbólóhùn méjì lórí fóònù kì í san án. Ohun tí Bun B sọ lọ́jọ́ yẹn, a ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Pé ó jáde ló ṣe pàtàkì sí mi. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Trae gba Louisville lọ nítorí Breonna Taylor tí ọlọ́pàá yìnbọn pa nínú ilé rẹ̀. Iwájú ilé agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ Kentucky ni wọ́n lọ jókòó sí. Wọ́n kó ènìyàn 87 lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, Trae wà nínú wọn.

Àwọn bàbá wa ní ọba kì í pọ̀kọrin. Àwọn ṣọ́jà 1977 kò gbọ́ òwe yẹn nígbà tí wọ́n sun ilé Fẹlá, tí wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé. (Fẹlá fúnra rẹ̀, Los Angeles ló ti pàdé Sandra Izsadore ní 1969, obìnrin adúláwọ̀ tó fún un ní ìtàn Malcolm X kà, kí ohun tó ń kọ lórin tó yí padà. Orin Fẹlá sì ni Alàgbà jó jù lánàá.) Ní Amẹ́ríkà níbí, FBI, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, kọ lẹ́tà ní 1989 sí iléeṣẹ́ tó ń gbé orin ẹgbẹ́ tàkasúfèé N.W.A jáde nítorí orin kan tí wọ́n fi bú ọlọ́pàá. Ní Atlanta, nínú ẹjọ́ olórin tàkasúfèé Young Thug, adájọ́ gbà ní 2023 kí agbẹjọ́rò ìjọba lo ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ ní ẹ̀rí. California ti ṣòfin tó dín irú rẹ̀ kù ní 2022, ṣùgbọ́n Georgia kì í ṣe California. Ìdí nìyí tí n kì í bá wọn bú ọmọ ogún ọdún tó dákẹ́. Bóyá ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀, bóyá lọ́yà rẹ̀ ló ní kó má là ẹnu.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ yìí nìkan ni gbogbo ayé máa ń na gbohùngbohùn sí, bíi pé aláwọ̀ dúdú ló dá ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà sílẹ̀, kí ó wá wí tẹnu rẹ̀. Lọ́dọọdún, lóṣù March, àwọn akọrin kántírì máa ń kún pápá ìṣeré ńlá Houston nígbà Rodeo, àjọ̀dún àwọn darandaran, àwọn èèyàn Texas ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wọn. Ṣé wọ́n tíì bi ọ̀kan nínú wọn rí pé kí ló rò sí ọ̀rọ̀ Sandra Bland? Kí ẹnì kan bi wọ́n lọ́dún tó ń bọ̀. Mo fẹ́ gbọ́ èsì wọn.