Ṣé Píánò Ló Wúwo Ni?

"Ṣé píánò ló wúwo ni, àbí ọwọ́ ẹ̀ ló ti ń rẹ̀ ẹ́?"

Màmá Álítò, tó ń kọ ohùn álítò nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, ló sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn èmi tí mò ń tẹ píánò. Wọn ò mọ̀ pé mò ń gbọ́. Tàbí wọ́n mọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n.

Òjò rọ̀ láti àárọ̀, iná ò sí. Mo lọ ṣí iwájú píánò ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọwọ́ mi ò rẹ̀ mí o. Mo fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà ọ̀tún mọ́lẹ̀ kí dámpà, ìyẹn ohun tó ń pa ohùn wáyà mọ́, má baà dá sí i, mo wá gbé irin òṣùwọ̀n tí mo yá lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà lé etí kíì kan láàárín, ìyẹn igi pẹlẹbẹ tí ìka ń tẹ̀. Bí nǹkan 50 sí 55 gíráàmù, ó yẹ kó ti máa rọra lọ sílẹ̀. 60, kò mira. 70, kò mira! Ó kù díẹ̀ kí n pè wọ́n wá wò ó. Wọ́n á kàn ní èmi ni mo ṣe nǹkan sí i.

Mo mi kíì náà sọ́tùn-ún sósì, kò sáyè rárá. Aṣọ pupa tó wà nínú ihò rẹ̀ ló fa ọ̀rinrin, tó wú, tó há mọ́ irin. Mo fi píláyà ẹlẹ́nu pẹrẹsẹ fún aṣọ náà díẹ̀díẹ̀, torí bí èèyàn bá fún un jù, tí ọyẹ́ bá dé, kíì á máa dún jagajaga, wọ́n á tún rí tiyẹn sọ. Mo dá a padà, 55 gbé e lọ.

Inú mi dùn! Mo tẹ orin bíi mélòó kan, ó ń lọ geere.

Ọrùn ọwọ́ mi ọ̀tún ṣáà ń dùn mí. Ìyẹn ò sọ pé... Ohùn tiwọn náà ńkọ́, láti ọjọ́ Àjíǹde? Ó tiẹ̀ ṣe mí bíi pé kí n fi kíì kan sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Bóyá.

Apá òsì ló kù. Kíì ibẹ̀ ò há, hámà, òòlù kékeré tó ń lu wáyà, ló ń lọ́ra padà. Aṣọ tó yí irin tín-ín-rín tó fi ń yí ká ló fún un. Sípírítì tí mo lú omi díẹ̀ ni n ó kán sí i. Á kọ́kọ́ wú sí i ná, bó bá gbẹ tán ni yóò sún kì. Kó ṣáà gbẹ kí ìrẹ́hàsì tó bẹ̀rẹ̀, nínú òjò yìí.