Orí igi ni rédà rí

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń kọ́ bí a ṣe ń ka àwòrán sátẹ́láìtì, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Igbó ọba kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni mò ń yẹ̀ wò. Lórí máàpù gíga ilẹ̀, mo rí etí òkè kan tó lọ gbọọrọ, tó fi nǹkan bí 25 mítà ga ju ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Mo fi ìlà pupa sàmì sí i pé àpáta ti là níbẹ̀. Nígbà tá a débẹ̀, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn àgbà abúlé ló wá sọ fún wa pé ibi táwọn agégẹdú gé dé láyé ìgbà yẹn nìyẹn.

Oṣù Èrèlé ọdún 2000 ni rédà, ẹ̀rọ tó ń ta ìgbì sílẹ̀ tó sì ń gba èyí tó bá padà, ya máàpù náà láti inú Endeavour, ọkọ̀ ìrìn-àjò òfuurufú ti Amẹ́ríkà, láàárín ọjọ́ 11. Gígùn ìgbì rẹ̀ kò ju 5.6 sẹ̀ǹtímítà lọ. Nínú igbó dídí, ewé àti ẹ̀ka ló ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbì náà padà, torí náà orí igi ni máàpù ń kà sí ilẹ̀. Ìgbì rédà sátẹ́láìtì ALOS ti Japan, tó gùn tó nǹkan bí 24 sẹ̀ǹtímítà, ń wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àfonífojì kéékèèké ló máa ń pa wá lára jù. Igi tó wà nísàlẹ̀ á máa nà wá oòrùn títí orí rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti òkè dọ́gba. Ẹ wo Erédò Sùngbọ́ ní Ìjẹ̀bú: nǹkan bí 160 kìlómítà ni yàrà náà, ògiri rẹ̀ sì ga tó 20 mítà láwọn ibòmíì. Ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀ rẹ̀ á gbé orí sókè kó tó rí òfuurufú, ògiri tútù tí ewéko bò á sì wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Síbẹ̀, máàpù oní-30 mítà, èyí tí ojú-àmì kọ̀ọ̀kan rẹ̀ dúró fún ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 30 mítà, lè fò ó dá.

Látìgbà yẹn, ìlà odò ni mo máa ń kọ́kọ́ fà sórí máàpù kí n tó fọwọ́ kan òkè. Bí odò kan bá ń lọ tààrà, tó ṣàdédé ṣẹ́rí bí igun ilé, tí ìkejì àti ìkẹta náà sì ṣẹ́rí lórí ìlà kan náà, ó ṣeé ṣe kí àpáta ti là lábẹ́ wọn. Níbi tí igi bá ti bo odò, ẹ wá ọ̀pẹ ògùrọ̀; ilẹ̀ àbàtà ló fẹ́ràn.

Ẹ ṣọ́ra fún òjìji nínú àwòrán sátẹ́láìtì Landsat ìgbà ọyẹ́. Gúúsù-ìlà-oòrùn ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá láàárọ̀, ojú wa sì lè pe kòtò ní òkè. Bí odò bá dà bíi pé ó ń ṣàn lórí ṣóńṣó òkè, ẹ yí àwòrán náà po kí gúúsù bọ́ sókè, kẹ́ ẹ tún un wò.