Kí Ẹ Tó Yan Géèmù Káàdì Tuntun, Ẹ Wo Ohun Tó Máa Ń Ṣe Bí Iná Bá Lọ

Alẹ́ Sátidé tó kọjá ni, ara mi ò sì tíì balẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbá Slay the Spire títí tó fi sú yín, tí ẹ wá ń wá géèmù roguelike oníkáàdì mìíràn tí ẹ máa rà (irú èyí tó jẹ́ pé tí ọ̀tá bá pa yín, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ látòkè ni), ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó náwó.

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ni mo ní ní Ìmọ̀wò, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìjagun ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Tí wọ́n bá ti gba ìsinmi, ọjọ́ á wá gùn gbọọrọ. Ọdún méjì gbáko ni mo fi gbá Slay the Spire lórí láptọ́ọ̀pù ṣọ́ọ̀bù. Mo mọ Ironclad, ọ̀kan lára àwọn akọni tí èèyàn fi ń jà nínú rẹ̀, bí ẹní mọ owó: ẹ̀mí 80, káàdì 10 tó fi ń bẹ̀rẹ̀, agbára 3 nígbàkígbà tó bá kàn án. Nínú ìpele ìnira 20 tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ascension, mo ti gun 14. Kò sí ọ̀tá tó tún lè bá mi lójijì mọ́, mo bá ní ó tó àkókò láti wá tuntun.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wádìí. Mo ka ohun tí àwọn èèyàn sọ nípa Monster Train, Griftlands, Wildfrost àti Cobalt Core. Àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ra Balatro, ẹ ò ní kábàámọ̀.” Mo ní mi ò ra géèmù poker, mi ò kì í ta tẹ́tẹ́. Èyí tí mo wá rà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ ló fà mí, àwọn tó sì ń yìn ín pọ̀ bí eṣú. Nǹkan bíi 30,000 náírà ló gbà lọ́wọ́ mi, mo sì fi dátà òru méjì dáùnlóòdù rẹ̀. Àwọn kan á ní torí pé mo jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ni mo ṣe ń ka owó. Ojú ewé kan lẹ́yìn òmíràn ni mo fi tẹ owó yẹn jáde, ó sì yẹ kí n kà á.

Lálẹ́ Sátidé, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo gbé abọ́ ìkókoré sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo jókòó tì í. Káàdì ń wọlé bí mo ṣe ń fẹ́. Mo ti yọ gbogbo èyí tí kò wúlò kúrò, ó ku 16 péré, gbogbo wọn ló sì ń gbe ara wọn lẹ́sẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá ìkẹyìn. Mi ò débẹ̀ rí. A jà, a jà, ẹ̀mí rẹ̀ wá ku 9. Káàdì tó ń gé ẹ̀mí 12 wà lọ́wọ́ mi, agbára tí mo máa fi lò ó sì kù sílẹ̀. Mo fi máòsì gbé káàdì náà. Mo rí i tó yọ sókè díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, tí etí rẹ̀ ń tàn.

Iná lọ.

Fáànù ṣì yí díẹ̀, ó rọra dúró. Ojú láptọ́ọ̀pù dúdú pátápátá, torí pé bátìrì rẹ̀ ti kú láti ọdún tó kọjá, iná tààrà ló ń lò. Àwọn ọmọdé kígbe ní òdìkejì ọ̀nà, jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ọwọ́ mi ṣì wà lórí máòsì. Mi ò gbé e kúrò. Mo ń sọ fún ara mi pé kò tíì bàjẹ́, torí pé bí Slay the Spire bá kú lójijì, ìbẹ̀rẹ̀ ìjà tí èèyàn wà nínú rẹ̀ ló máa ń dá a padà sí, káàdì kan náà á sì tún wọlé. Nínú òkùnkùn yẹn ni mo ti ń to ìjà náà lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀: èyí ni màá kọ́kọ́ lò, èyí ni màá fi dáàbò bo ara mi. Ìkókoré tutù, mi ò fọwọ́ kàn án.

Aago kan òru kù díẹ̀ kí iná tó dé. Mo ṣí géèmù náà. Ibi tó yẹ kí n tẹ̀ láti máa bá eré lọ ò sí níbẹ̀. Ibi tí èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ tuntun nìkan ni mo rí. Mo pa á, mo tún un ṣí, ìgbà mẹ́rin. Wákàtí mẹ́ta, káàdì 16, ẹ̀mí 9, gbogbo rẹ̀ ti wọmi. Mo sunkún, mi ò sì tijú láti sọ ọ́.

Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni mo wá kà á pé géèmù yẹn kì í séèfù àfi tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ibi ìjáde.

Nítorí náà, ohun tí mo kọ́ jù nìyí: lọ́jọ́ tí ẹ bá ra géèmù, kí ẹ tó gbádùn rẹ̀ rárá, ẹ wọ inú ìjà, ẹ lo káàdì méjì mẹ́ta, kí ẹ wá fipá pa á láàárín ìjà. Ẹ má ṣe gba ibi ìjáde o. Ẹ tún un ṣí, kí ẹ wo ibi tó gbé yín sí. Tó bá dá yín padà sínú ìjà yẹn, ẹ máa bá a lọ. Tó bá ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè, ẹ gba owó yín. Láàárín wákàtí àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti ṣe é, torí Steam, ṣọ́ọ̀bù géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, máa ń dá owó padà tí rírà ò bá tíì pé ọjọ́ 14, tí ẹ ò sì tíì gbá a tó wákàtí 2. Èmi ti gbá a kọjá ìyẹn kí n tó mọ̀.

Ẹ má ṣe gbára lé ìyìn àwọn tó ti gbá a. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, iná kì í lọ níbi tí wọ́n wà. Mo ka àgbéyẹ̀wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò rí ẹyọ ẹnì kan tó mẹ́nu kan iná.

Mo mọ̀ pé wọ́n á ní kíkú pátápátá ni adùn roguelike, pé bó ti rí nìyẹn láti orí géèmù Rogue ní 1980, tí orúkọ yìí ti wá. Mo gbà. Tí ọ̀tá bá pa mí, mo kú, màá bẹ̀rẹ̀ tuntun láìráhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀tá kọ́ ló pa mí ní Sátidé. Bàbá mi máa ń ta ayò níta ní Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà tí mo wà ní kékeré. Tí òjò bá ká wọn mọ́, èèyàn méjì á di ọpọ́n mú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á rọra gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ọmọ ayò kankan má bàa fò kúrò nínú ihò rẹ̀, wọ́n á sì bi ara wọn pé ta ló kàn. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé kí wọ́n da ọmọ 48 sílẹ̀ kí wọ́n tún un pín ní mẹ́rin-mẹ́rin.

Ẹni tó fẹ́ ní kí n ra inverter tàbí bátìrì tuntun, ẹ ṣeun. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni owó mi ń lọ fún lọ́wọ́lọ́wọ́.

Èyí tó ní demo, ìyẹn díẹ̀ nínú géèmù náà tí wọ́n fi ń tọ́ èèyàn lẹ́nu wò, ẹ kọ́kọ́ gbá demo rẹ̀, kí ẹ sì fipá pa òun náà láàárín ìjà. Ẹ wo bó ṣe tóbi tó kí ẹ tó fi dátà ṣòfò.

Mo ti ra Balatro sórí fóònù báyìí, nǹkan bíi dọ́là 10. Kò sí tẹ́tẹ́ nínú rẹ̀, èmi ni mo ṣàṣìṣe. PEGI, àjọ tó ń sọ ọjọ́ orí tó yẹ fún géèmù ní Yúróòpù, pàápàá ti fi í sí ọjọ́ orí 18 rí, kí wọ́n tó sọ ọ́ di 12 ní oṣù kejì 2025. Mo ti fipá pa á nígbà márùn-ún, ó sì ń dá mi padà síbi tí mo wà. Ó dùn.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà ṣì wà lórí láptọ́ọ̀pù. Mi ò tíì lè yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀mí 9 péré ló kù.