Ẹ Má Tíì Lọ sí Yankari, Ẹ Kọ́kọ́ Mọ Ìmọ́lẹ̀ Abuja

Àwa tí a ń ya fọ́tò ẹyẹ, àpáta àti ìrìn àjò nítorí ìfẹ́ rẹ̀, tí kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wa, ibi tuntun la sábà máa ń lé kiri. A ó tu owó jọ, a ó lọ sí ìtàkìtì omi Gurara ní ìpínlẹ̀ Niger tàbí ọgbà ẹranko Yankari ní Bauchi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, a ó tẹ kámẹ́rà títí bátìrì á fi kú, fọ́tò tí a gbé bọ̀ á sì jọ ti gbogbo ẹni tó ti débẹ̀ ṣáájú wa. Pípààrà ibì kan náà ló ń la ojú ayàwòrán. Ẹ mú ibì kan tí kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ sí ilé yín, bóyá, fún ará Abuja, etí omi Jabi, pápá tí màlúù ti ń jẹko lápá Lugbe, tàbí ẹsẹ̀ àpáta kan ní Kubwa, kí ẹ máa lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti ìgbà ọyẹ́ wọ ìgbà òjò.

Ìmọ́lẹ̀ tiwa yàtọ̀ sí èyí tí àwọn òyìnbó ń júwe nínú fídíò wọn. Abuja kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, nítorí náà oòrùn kì í fẹ̀gbẹ́ rìn níbí, ṣánṣán ló ń gòkè. Ìmọ́lẹ̀ pípọ́n tó rọ̀ yẹn kì í ju bí ìṣẹ́jú 25 lọ lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ. Ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, nǹkan bí 6:40 ló ń yọ. Ní oṣù Kẹfà, aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ni. Ẹ ti gbọ́dọ̀ wà lórí ìdúró ní ìdajì wákàtí ṣáájú, kí kámẹ́rà ti wà lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Láti aago mọ́kànlá sí aago mẹ́ta ọ̀sán, òjìji á ti dúdú kirikiri. Ewé tí oòrùn ń là kọjá láti ẹ̀yìn, tàbí kòkòrò lábẹ́ igi, ni kí ẹ wá lásìkò yẹn.

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni kí ẹ kọ́kọ́ máa yà, lékeléke ni. Kò wọ́n, kò sì sí olùkọ́ tó le tó o. Ara rẹ̀ funfun, mítà inú kámẹ́rà, èyí tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, kò sì mọ funfun: ó fẹ́ kí gbogbo nǹkan rí bákan náà, láàárín dúdú àti funfun. Bí ẹyẹ náà bá kéré láàárín koríko tútù, mítà á fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ìyẹ́ àyà rẹ̀ á di funfun báláú bí pépà, RAW, fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, pàápàá kò ní lè dá a padà. Bó bá wá fò sókè sínú òfuurufú ọyẹ́ tó mọ́lẹ̀, mítà á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ẹyẹ á di eérú. Ẹni tó ń fi bọ́tìnì +/−, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ kún fọ́tò tàbí dín in kù, lé e á máa yí i láti −1 sí +1 títí ẹyẹ á fi lọ.

Ẹ gbé kámẹ́rà sí Manual, kí ẹ̀yin fúnra yín máa yan òǹkà rẹ̀. Nínú oòrùn tó ràn dáadáa, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1/2000 (bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí tó sì ń pa dé), f/8 (bí ihò lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó), ISO 400 (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó). Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sára ẹyẹ kò yí padà, yálà ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ màlúù dúdú tàbí ó wà lókè, nítorí náà kò yẹ kí òǹkà yín yí padà. Àyàfi tí ìkùukùu bá bo oòrùn. Ẹ tan àmì tó ń ṣẹ́jú sójú ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù nínú fọ́tò; bí ìyẹ́ àyà bá ń ṣẹ́jú, ẹ gbé e lọ sí 1/2500. Ẹ̀rí pé ẹ ti rí i ṣe ni pé bí ẹ bá fẹ fọ́tò náà sókè, ẹ ó rí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kí darandaran. “Sannu da aiki” (ẹ kú iṣẹ́, ní èdè Hausa) ló ń ṣí ọ̀nà, kí ẹ tó bi í pé, “Don Allah, zan iya ɗaukar hoto?” (ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè ya fọ́tò?) Lẹ́yìn náà, ẹ má rìn tààrà sí ẹyẹ, ẹ máa fẹ̀gbẹ́ sún mọ́ ọn, kí ẹ sì kúnlẹ̀ kí ojú lẹ́ǹsì lè bá ojú ẹyẹ dọ́gba. Bó bá dẹ́kun jíjẹ tó na ọrùn sókè, ẹ dúró, ó fẹ́ fò ni. Ẹ̀bá ẹsẹ̀ iwájú màlúù ni kí ẹ kọjú lẹ́ǹsì sí, torí ẹsẹ̀ àti ẹnu màlúù ló ń ta tata dìde, ibẹ̀ ni lékeléke ti máa ń mú un jẹ.

Ọyẹ́ ń lé ọ̀pọ̀ ayàwòrán wọlé, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Eruku náà ń ti aṣálẹ̀ wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, ó sì ń pa àwọ̀ ohun tó jìnnà rẹ́. Nítorí náà ẹ fi òkè ọ̀ọ́kán sílẹ̀. Igi àti ènìyàn tó wà nítòsí ni kí ẹ yà, kí eruku máa pín wọn sí ìpele ìpele lẹ́yìn. Ẹ gbé white balance, ètò tó ń tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe, sí Daylight, torí Auto á yọ pípọ́n tí eruku fún ìmọ́lẹ̀ kúrò. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì máa ń rì sínú eruku kó tó kan ilẹ̀, ẹ tètè dé.

Kámẹ́rà ni ọyẹ́ ń bá jà. Ẹ má pààrọ̀ lẹ́ǹsì ní ìta. Bó bá di dandan, ẹ pa kámẹ́rà, kí ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀wù nu lẹ́ǹsì ní gbígbẹ, iyanrìn inú rẹ̀ á ha á. Rọ́bà afẹ́fẹ́, èyí tí a ń fọwọ́ tẹ̀ kó fẹ́ eruku dànù, ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ sí i. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ inú kámẹ́rà, itọ́ á ta sí sẹ́ńsọ̀, ojú inú kámẹ́rà tó ń gba àwòrán. Láti mọ̀ bóyá eruku ti wọlé, ẹ ya ògiri funfun ní f/16: àmì dúdú tí kò kúrò lójú kan náà, eruku ni. Nígbà òjò, ìrì ni ọ̀tá: ẹ di kámẹ́rà sínú ọ̀rá kí ẹ tó gbé e jáde nínú ọkọ̀ tí AC ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ fún un ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú.

Àpáta Zuma ní Madalla, èyí tó wà lẹ́yìn náírà 100 tó ní àwòrán Awólọ́wọ̀, lẹ́yìn òjò ńlá ló dára jù, nígbà tí afẹ́fẹ́ ti mọ́. Ẹ má dúró sí etí títì Kaduna láti yà á. Ẹ má sì kọjú kámẹ́rà sí Villa, ilé ààrẹ, sójà tàbí ibi àyẹ̀wò rárá. Dúróònù sì nílò ìwé àṣẹ.

Bí fọ́tò bá tó 300, ẹ dá 5 sí. Ẹ má yàn wọ́n lọ́jọ́ tí ẹ yà wọ́n; lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìfẹ́ ọjọ́ náà á ti rọlẹ̀. Ẹ kọ aago àti bí ojú ọ̀run ṣe rí sílẹ̀ fún márùn-ún yẹn, ẹ ó rí i pé wákàtí kan náà ló ń padà wá.

Nígbà náà ni ìrìn àjò á dùn. Igbó Amurum ní Laminga lẹ́bàá Jos ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, láàárín àpáta tí rock firefinch ń gbé, ẹyẹ pupa kékeré tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ ṣàpèjúwe lọ́dún 1998. Yankari, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, nígbà tí koríko ti lọ sílẹ̀ tí erin ń wá omi lọ sí odò Gaji. Ẹ kó oúnjẹ kúrò nínú báàgì kámẹ́rà kí ẹ tó dé Wikki, ìsun omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ inú ọgbà náà, torí àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ máa ń já báàgì gbà lọ́wọ́ èèyàn.