Àkàrà Èkó àti acarajé Salvador

Ọmọ Yorùbá tó bá kó lọ sí Salvador, ní Bahia lórílẹ̀-èdè Bràsíìlì, kò ní pẹ́ gbóòórùn àkàrà. Àmọ́ kó má wá a láàárọ̀. Nílé, kí oòrùn tó yọ ni alákàrà ti gbé agbada kaná, tí oníkálukú ń rà á láti fi mu ògì tàbí kó há a sáàárín búrẹ́dì Agége. Ní Salvador, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń pàtẹ acarajé, bí wọ́n ṣe ń pe àkàrà níbẹ̀, ó di alẹ́.

Ẹ̀wà olójú dúdú náà ni. Wọ́n á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á ṣan èèpo tó bá léfòó dànù. Ó pẹ́ jù lómi, á kan. Omi díẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́. Bó bá ṣàn, àkàrà á tẹ́ pẹrẹsẹ, á sì mu epo yó. Iyọ̀ kì í tètè wọ̀ ọ́, kó má bàa sọmi. Pípò ló gba agbára: ṣíbí onígi ni wọ́n fi ń pò ó títí á fi wú, tí á funfun.

Ata rodo tí àwa ń lọ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀wà kò sí nínú tiwọn, àlùbọ́sà àti iyọ̀ nìkan ni. Wọ́n á bi yín lẹ́yìn tí wọ́n bá dín in tán bóyá ẹ fẹ́ ata. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, kì í ṣe òróró. Ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ọwọ́: wọ́n á là á, wọ́n á ki vatapá sí i, ìyẹn búrẹ́dì rírẹ, omi tí wọ́n fún lára àgbọn rírin, edé gbígbẹ, ẹ̀pà, kaṣú àti epo pupa, tí wọ́n rò pọ̀ títí ó fi ki. Wọ́n á tún bu ọbẹ̀ ilá sí i. Ẹyọ kan ti tó oúnjẹ.

Aṣọ funfun, gèlè àti ìlẹ̀kẹ̀ ni àwọn ìyá náà ń wọ̀ tàtẹ, torí oúnjẹ Ọya ni acarajé. Kí oko ẹrú tó parí ní Bràsíìlì lọ́dún 1888, àwọn obìnrin ẹrú ń kiri oúnjẹ, wọ́n ń jíṣẹ́ owó fún olówó wọn; èyí tó ṣẹ́kù ni àwọn mìíràn fi ra ara wọn padà. Lọ́dún 2005, ìjọba Bràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn alácarajé sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè. Àwa tí a bí àkàrà kò tíì bu irú ọlá bẹ́ẹ̀ fún alákàrà tiwa, ó sì yẹ kó ká wa lára.

Kì í ṣe ọ̀nà kan ni ẹrù ń gbà. Epo pupa lọ láti ọ̀dọ̀ wa. Ata àti ẹ̀pà wá láti Amẹ́ríkà. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ẹrú tó gba òmìnira ní Bràsíìlì àti ọmọ wọn, tó padà wá tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà l'Ékòó sì mú fréjọ̀n bọ̀: ẹ̀wà sísè tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n po omi àgbọn mọ́, tí wọ́n ń fi ẹja jẹ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde.