Ohun Tí Báńdì Ọwọ́ Mi Ń Rí àti Ohun Tí Kò Rí

Láti ìgbà tí mo ti ń wọ báńdì ọwọ́ tó ń ka ìṣísẹ̀, ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń bi mí jù lọ ni iye tí mo rìn lónìí. Mo mọ ohun tó ń fa ìbéèrè náà, nítorí iye ìṣísẹ̀ ni ó kọ́kọ́ máa ń hàn lójú báńdì nígbà tí mo bá gbé ọwọ́ sókè. Síbẹ̀, òun gan-an ni ìwúlò rẹ̀ kéré jù lọ fún mi. Ohun tí ó mú mi fẹ́ràn báńdì yìí ni pé ó ń jẹ́ kí n mọ bí ọkàn mi ṣe ń lù nígbà tí mo bá jókòó jẹ́ẹ́ tàbí nígbà tí mo bá sùn, èyí tí n kò tí ì mọ̀ rí láyé mi.

Ọwọ́ òsì ni mo ń wọ̀ ọ́ sí. Rọ́bà ni okùn rẹ̀, kò sì wúwo rárá, ṣùgbọ́n nínú ooru Ìbàdàn, òógùn máa ń kó sí abẹ́ rẹ̀, ó sì di dandan kí n máa bọ́ ọ kí n nù ún kí ara má baà máa yún mi. Bátìrì rẹ̀ ń lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí n tó tún so ó mọ́ iná, èyí tí ó tẹ́ mi lọ́rùn gidigidi ní àdúgbò tí iná mànàmáná kì í dúró sójú kan. Bluetooth ni ó fi ń kó ohun tí ó bá kọ sílẹ̀ lọ sínú fóònù.

Ọ̀rọ̀ ìṣísẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ là yé ẹni tí ó bá ń gbèrò láti rà á. Báńdì kò rí ẹsẹ̀ wa. Ẹ̀yà kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń mọ̀ bí a bá mì ín, láti inú bí ọwọ́ ṣe ń fì síwá fì sẹ́yìn ni ó sì ti ń ṣírò iye ìgbà tí ẹsẹ̀ yẹ kí ó ti gbé. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń gún iyán, ó ń kà á sí ìrìn, bí mo bá sì gun ọ̀kadà gba ọ̀nà tí ó kún fún kòtò, ó ń fi díẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ru omi, tí mo fi ọwọ́ òsì di bàsíà mú lórí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń rí nínú ìrìn náà, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ yẹn ni ó ń mú mi mí hẹlẹhẹlẹ jù lọ. Mo máa ń ronú nípa àwọn alábàárù ọjà Bódìjà, tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì di ẹrù mú lórí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Bí a bá wọ irú báńdì yìí fún wọn, ó ṣeé ṣe kí ó máa gbọ̀n jìnnìjìnnì lọ́wọ́ wọn láti sọ fún wọn pé kí wọ́n dìde kí wọ́n rìn díẹ̀. Ó dùn mí pé ohun èlò tí ó mọ iṣẹ́ ẹni tí ń sáré ìmárale kò fi bẹ́ẹ̀ mọ iṣẹ́ ẹni tí ń ru ẹrù jẹun.

Ìṣísẹ̀ 10,000 tí gbogbo ènìyàn ń lé kiri pàápàá kò wá láti ilé ìwòsàn. Ilé iṣẹ́ kan ní Japan ni ó gbé ẹ̀rọ tí ń ka ìṣísẹ̀ jáde ní ọdún 1965, lẹ́yìn ìdíje Òlíḿpíìkì tí ó wáyé ní Tokyo ní ọdún 1964, ó sì fi iye náà polówó ọjà rẹ̀. Ní ọdún 2019, I-Min Lee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ èsì ìwádìí kan jáde nípa àwọn obìnrin tí wọ́n ju 16,000 lọ, tí ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 72. Wọ́n rí i pé ikú kò pọ̀ láàárín àwọn tí ń rìn tó ìṣísẹ̀ 4,400 lójúmọ́ tó bí ó ṣe pọ̀ láàárín àwọn tí ń rìn 2,700, àti pé àǹfààní náà ń pọ̀ sí i títí ó fi dé nǹkan bí 7,500, kí ó tó dúró sójú kan. Èyí ni ó jẹ́ kí n dín iye tí mo fi ṣe àfojúsùn kù, ọkàn mi sì balẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti lílù ọkàn, iná aláwọ̀ ewé tí ń ṣẹ́jú lẹ́yìn báńdì ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ máa ń gba irú ìmọ́lẹ̀ yìí sára, nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí ọkàn bá ti ẹ̀jẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń padà wá á dín kù díẹ̀, báńdì á sì kà á. Mo ti fi ìka méjì sí ọrùn, mo ka a fún ìṣẹ́jú kan, mo sì fi í wé tirẹ̀. Bí mo bá jókòó, iye méjèèjì sún mọ́ra. Bí mo bá ń gun Òkè Mápó láti Bẹẹrẹ, báńdì máa ń pẹ́ kí ó tó bá ọkàn mi. Àmọ́, lóru ni mo rí ìwúlò rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ibà ṣe mí, iye lílù ọkàn tí ó kọ nígbà tí mo sùn ti ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ kí n tó mọ̀ pé ara mi kò yá, èyí sì ni ó mú kí n tètè lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọ̀ ara wa, nítorí n kì í gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ń tà á. Èròjà tí ń mú ara dúdú náà máa ń gba ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé, nítorí náà ó yẹ kí báńdì fara mọ́ ọwọ́ dáadáa. Ọ̀rọ̀ ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, tí báńdì náà tún máa ń wọ̀n, ni ó tilẹ̀ gba ìṣọ́ra jù. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 fi hàn pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka aláìsàn ní ilé ìwòsàn pàápàá ń gbójú fo àìtó ọ́síjìn lára àwọn aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, n kò lè fi ọkàn tán iye tí báńdì ọwọ́ mi ń sọ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Màmá mi, tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́ mi, wọ́n sì bi mí pé, “Ṣé eléyìí lè sọ bí ẹ̀jẹ̀ mi ṣe rí?” Mo ní, “Rárá o, mà. Èyí tí ẹ ń fi dì yín ní apá ni kí ẹ ṣì máa lò.” Wọ́n ti rí òmíràn lọ́jà tí ẹni tí ń tà á búra pé ó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà láì gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má rà á, mo sì ń bẹ ẹnikẹ́ni tí ó ní òbí tí ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà bákan náà. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, FDA, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé kò sí aago tàbí òrùka kankan tí àwọn fọwọ́ sí láti máa wọn ṣúgà fúnra rẹ̀ láì gún ara, àti pé ẹni tí ó bá fi irú iye bẹ́ẹ̀ mọ ìwọ̀n oògùn tí yóò lò lè lò ó ní àlòjù, kí ó sì kú láàárín wákàtí díẹ̀.